Kámẹ́rà dígítà kékeré tí kò ya fọ́tò mọ́

Kámẹ́rà dígítà kékeré ni ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń wọ àpò, tí lẹ́ńsì rẹ̀ máa ń yọ jáde tí a bá tàn án, tó sì ń wọlé padà tí a bá pa á. Fóònù ti gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó ṣì ń jáde níbi ìkómọ àti ìgbéyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tí ó bá kọ̀ tí kò ya fọ́tò, kì í sábà jẹ́ pé ó ti kú. Bátìrì àti mẹ́mórì ló máa ń jẹ̀bi jù.

Bátìrì líthíọ́ọ̀mù tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ fóltì 3.6 tàbí 3.7. Èyí tó ti gbó lè gbé iná tó tó láti tan ojú kámẹ́rà, kó sì dákú nígbà tí lẹ́ńsì bá fẹ́ yọ tàbí tí fláàṣì bá fẹ́ gba iná, torí ibẹ̀ ni kámẹ́rà ti ń jẹ iná jù. Nítorí náà, àmì tó ní bátìrì kún kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn mìíràn ń lo bátìrì AA méjì. Bátìrì rédíò olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà káàkiri Tákíè kò lè gbé irú iṣẹ́ yìí. Èyí tí a ń ṣáájì, tí a ń pè ní NiMH, dára jù: fóltì 1.2 péré ni, ṣùgbọ́n ó ń tú iná jáde kíákíá.

Mẹ́mórì SD, káàdì pẹlẹbẹ tí kámẹ́rà ń kó fọ́tò sí, ní ìdè kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Tí ìdè náà bá ti sún sísàlẹ̀, kámẹ́rà kò ní lè kọ nǹkan kan sórí rẹ̀. Títóbi mẹ́mórì tún ń fa wàhálà. Kámẹ́rà tó ti wà kí SDHC, irú mẹ́mórì SD tó ń gbà tó 32 GB, tó dé ní ọdún 2006 kì í sábà mọ èyí tó ju 2 GB lọ, àwọn tó tẹ̀lé wọn sì ń dúró sí 32 GB, títí SDXC, irú tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, fi dé ní 2009. Ẹni tó ra 64 GB fún kámẹ́rà àtijọ́ ti ra iṣu tó ju ìkòkò lọ. Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í mọ̀: kámẹ́rà ń fún fọ́tò ní nọ́ńbà dé 9999, ó sì ń fún fódà ní nọ́ńbà dé 999. Tí méjèèjì bá pé, kò ní yà mọ́, bí àyè tilẹ̀ ṣì kù. Fífọ́mátì mẹ́mórì lè yanjú èyí, ṣùgbọ́n yóò pa gbogbo fọ́tò rẹ́, torí náà kí a kọ́kọ́ kó wọn sórí kọ̀ǹpútà.

Nígbà mìíràn, kò sí àìsàn kankan. Ó lè jẹ́ pé kámẹ́rà wà níbi tí a ti ń wo fọ́tò àtijọ́, tàbí pé fláàṣì ṣì ń gba iná, tàbí pé ohun tí a fẹ́ yà ti sún mọ́ lẹ́ńsì jù.

Ti lẹ́ńsì le díẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku tó ń ti apá aginjù Sàhárà wá a máa dà pọ̀ mọ́ eruku pupa ìlú, ẹyọ yanrìn kan ṣoṣo sì tó láti há sáàárín eyín ike tín-tìn-tín tó ń ti lẹ́ńsì jáde. Yóò máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Kí a má fi ọwọ́ fà á. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti rọ́bà tó ń fẹ́ atẹ́gùn ló yẹ ẹ́; ẹnu kò yẹ ẹ́, torí itọ́.

Tí fọ́tò àtijọ́ bá ń hàn dáadáa, tí tuntun sì dúdú kirikiri, ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà tàbí ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀ láti wọlé ló ti bàjẹ́. Ní 2005, Sony àti àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ra CCD, irú ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ kan, lọ́wọ́ rẹ̀ kéde pé ooru àti ọ̀rinrin ń ba irú ojú bẹ́ẹ̀ jẹ́ nínú àwọn kámẹ́rà wọn kan.

Iṣẹ́ oníṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ti ilé. Kápásítọ̀, ohun tó ń kó iná jọ fún fláàṣì, lè gbé iná tó tó fóltì 300, iná náà sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ bátìrì.