Ìpàdé gígùn ló bí standup

Ìpàdé gígùn ló bí ìpàdé kúkúrú tí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ń ṣe lójoojúmọ́, èyí tí gbogbo wọn mọ̀ sí standup. Ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́ yìí, ì báà jẹ́ ní Yaba, ní London tàbí ní Bangalore, mọ bó ṣe ń rí: ìṣẹ́jú 15, lákòókò kan náà lójoojúmọ́, kí kálukú sọ ibi tí iṣẹ́ dé. Ọ̀pọ̀ kàn bá a lẹ́nu iṣẹ́ ni, wọn ò bi ẹnikẹ́ni pé ta ló dá a sílẹ̀. Ì bá dára kí wọ́n béèrè, torí ohun tí àwọn tó dá a sílẹ̀ ní lọ́kàn jìnnà sí ohun tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sọ ọ́ dà.

Ká gba Scotts Valley lọ, ní ìpínlẹ̀ California, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ibẹ̀ ni Borland wà nígbà náà, ilé iṣẹ́ tó ń bá Lotus àti Microsoft du ọjà ètò tí àwọn oníṣirò owó fi ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí Excel jẹ́. Ti Borland ń jẹ́ Quattro Pro, wọ́n sì kọ èyí tí yóò máa ṣiṣẹ́ lórí Windows. James Coplien, olùwádìí láti Bell Labs, ibùdó ìwádìí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T, lọ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Iṣẹ́ Coplien nígbà yẹn ni kó máa wádìí bí àwọn ẹgbẹ́ tó ń kọ sọ́fítíwíà ṣe ń bára wọn lò: ta ló ń bá ta sọ̀rọ̀, lórí kí ni, báwo ló ṣe ń ṣe lemọ́lemọ́ tó. Èèyàn bíi mẹ́jọ ló bá nídìí iṣẹ́ náà. Láàárín oṣù 31, wọ́n ti kọ kóòdù tó tó mílíọ̀nù kan ìlà. Ẹ pín in fún èèyàn mẹ́jọ, kí ẹ tún pín in sí ọ̀sẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ń lọ sí ẹgbẹ̀rún ìlà fún ẹnì kan lọ́sẹ̀. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ tí Coplien ti yẹ̀ wò, tiwọn yọ gedegbe.

Kí ni wọ́n ń ṣe tí àwọn yòókù kì í ṣe? Àgbà ọ̀jẹ̀ ni wọ́n lóòótọ́, ìyẹn ò ṣeé fojú fò. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà níbẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọjọ́ tí wọn kì í pàdé, ìpàdé náà kì í sì í tètè parí. Wọ́n á jókòó ti bí apá kan ètò náà yóò ṣe so mọ́ èkejì, wọ́n á bá ara wọn jiyàn, wọ́n á tú ohun tí wọ́n so lánàá, wọ́n á tún un so. Kì í ṣe pé wọ́n ń jábọ̀ fún ọ̀gá kankan. Iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń ṣe nínú ìpàdé. Coplien tẹ ìròyìn ohun tó rí jáde ní 1994, mo sì gbà pé ibi pàtàkì jù lọ nínú ìtàn yìí nìyẹn, torí gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e ló ń gé nǹkan kan kúrò lára rẹ̀.

Jeff Sutherland ló kọ́kọ́ gé e. Ọkùnrin yìí ti wa ọkọ̀ òfuurufú ológun lójú ogun Vietnam, ó sì ti ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ ní yunifásítì kó tó di ẹni tó ń darí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà. Ní 1993, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Easel ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, òun pẹ̀lú John Scumniotales àti Jeff McKenna bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Scrum. Orúkọ yẹn wá láti inú àpilẹ̀kọ kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé Japan méjì, Hirotaka Takeuchi àti Ikujiro Nonaka, kọ sínú Harvard Business Review ní 1986. Wọ́n ti wo bí Honda, Canon àti Fuji-Xerox ṣe ń gbé ọjà tuntun jáde, wọ́n sì ní àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe bí àwọn tó ń sáré gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Bí ẹgbẹ́ rugby, eré tí ọ̀rọ̀ náà scrum ti wá, ni wọ́n ń ṣe, tí gbogbo wọn ń sún síwájú pọ̀, tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí ara wọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Sutherland mú èrò yẹn. Nígbà tí iṣẹ́ Coplien lórí Borland dé ọwọ́ rẹ̀, ó mú ìpàdé ojoojúmọ́ náà, ó fi kún un. Ṣùgbọ́n kò mú gígùn rẹ̀. Ìpàdé kúkúrú ló fẹ́, kí ẹgbẹ́ fi mọ ibi tí wọ́n wà, kí wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́.

Ní 1995, Sutherland àti Ken Schwaber gbé Scrum síta ní OOPSLA, àpérò àwọn onímọ̀ sọ́fítíwíà, nílùú Austin, ní Texas. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìwé tí Schwaber kọ nípa Scrum lọ́dún yẹn kò mẹ́nu ba ìpàdé ojoojúmọ́ rárá. Ohun tó jẹ́ pé tí o bá dárúkọ Scrum lónìí, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ sí àwọn èèyàn lọ́kàn! Ó di nǹkan bí 1997 kí Schwaber tó kọ nípa rẹ̀, lẹ́yìn náà ni Mike Beedle àti àwọn tí wọ́n jọ kọ̀wé wá sọ ọ́ di ìlànà tí ẹgbẹ́ mìíràn lè mú lò. Ibẹ̀ ni ìbéèrè mẹ́ta ti fìdí múlẹ̀: kí lo parí látìgbà tí a ti pàdé kẹ́yìn, kí lo fẹ́ ṣe kí a tó tún pàdé, kí ló ń dí ọ lọ́wọ́.

Ìdúró wá ńkọ́? Ọwọ́ àwọn mìíràn nìyẹn ti wá. Ní 1996, Chrysler, ilé iṣẹ́ mọ́tò, gba Kent Beck, ẹni tó ń kọ sọ́fítíwíà, wọlé láti gba iṣẹ́ ètò ìsanwó oṣù wọn tó ti há là. C3 ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Inú rẹ̀ ni Beck, Ron Jeffries àti àwọn yòókù ti to ọ̀nà iṣẹ́ Extreme Programming jọ. Àwọn ni wọ́n ń dúró yípo láràárọ̀ kí wọ́n tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, torí ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro kì í rojọ́ gùn. Nígbà tó yá, Scrum àti Extreme Programming yá nǹkan lọ́wọ́ ara wọn, ìbéèrè mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ ti àkọ́kọ́, ìdúró láti ọ̀dọ̀ èkejì, ó sì di ẹyọ kan. C3 fúnra rẹ̀ kò kẹ́sẹ járí tó bí wọ́n ṣe rò; Chrysler dá a dúró ní 2000.

Kì í ṣe àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ìdúró gé ìpàdé kúrú o. Ìgbìmọ̀ Privy Council ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣèpàdé lórí ìdúró láti ìgbà Ọbabìnrin Victoria, lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ní 1861, ọba pàápàá kì í sì í jókòó. Àwọn àgbà wa mọ orúkọ ìgbìmọ̀ yẹn dáadáa: ẹ̀ka ìdájọ́ rẹ̀ ló gbọ́ ẹjọ́ Adégbénró àti Akíntọ́lá lórí ipò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1963. Ní ti ẹ̀rí, Allen Bluedorn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Missouri dán an wò. Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹgbẹ́ 111, márùn-ún márùn-ún, wọ́n ní kí àwọn kan jókòó, kí àwọn kan dúró, kí wọ́n jọ yanjú ọ̀rọ̀ kan náà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999 ni pé ìpàdé àwọn tó jókòó fi ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún gùn ju ti àwọn tó dúró lọ, ìpinnu wọn kò sì dára jù.

Schwaber àti Beedle fi òfin tì í lẹ́yìn nínú ìwé tí wọ́n jọ kọ ní 2001. Ẹni tó bá pẹ́ dé yóò san dọ́là kan, wọ́n á sì fi owó náà ṣàánú. Ẹni tó bá ti wọ ẹgbẹ́ aláàjọ tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lọ́dọ̀ wa mọ irú ìtanràn bẹ́ẹ̀ dáadáa, àfi pé tiwa máa ń wọ àpò ẹgbẹ́.

Òfin kejì jẹ mọ́ adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀. Adìẹ ní kí àwọn jọ ṣí ilé oúnjẹ, kí wọ́n máa ta ẹyin àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ro ó títí, ó ní rárá: "Ìwọ á kàn dá sí i ni, èmi ni wọn á pa." Ẹlẹ́dẹ̀ ni ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, adìẹ ni máníjà, oníbàárà àti ẹnikẹ́ni tó kàn wá wòran. Nínú standup, ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn èèyàn nínú, ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ẹlẹ́dẹ̀ níbi iṣẹ́? Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ìlànà Scrum ní 2011. Ọkàn mi kò bá wọn lọ pátápátá. Àwàdà náà rí fín lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń pa ọ̀gá lẹ́nu mọ́.

Torí ibi tí nǹkan ti wọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn tí èèyàn 17 pàdé ní Snowbird, ní ìpínlẹ̀ Utah, ní oṣù Kejì 2001, tí wọ́n kọ ìkéde Agile, orúkọ àpapọ̀ fún Scrum, Extreme Programming àti irú wọn, ilé ìfowópamọ́, ilé iṣẹ́ ìjọba, gbogbo wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Agile. Ohun tó sì rọrùn jù láti mú nínú rẹ̀ ni standup, torí kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Máníjà tó ti ń gba àbọ̀ iṣẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ wá rí ọ̀nà láti máa gbà á lójoojúmọ́. Ìbéèrè mẹ́ta náà ràn án lọ́wọ́: òun á béèrè, kálukú á kọjú sí i dáhùn, ẹni tó ti sọ tirẹ̀ á máa wo fóònù. Bí ẹnì kan bá sọ pé nǹkan há òun, wọ́n á ní kó di ẹ̀yìn ìpàdé. Ìyẹn gan-an ni àwọn ará Borland ń fi wákàtí lé wákàtí jókòó tì.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ tètè rí àléébù yìí. Láti 2004 ni Jason Yip ti ń kọ àwọn àmì tí a fi ń mọ standup tó ti ṣàìsàn, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé kí gbogbo èèyàn máa kọjú sí ẹnì kan. Ọ̀nà kan tí àwọn olùdarí ìpàdé fi ń wò ó sàn ni kí àwọn fúnra wọn jáde kúrò nínú agbo, tàbí kí wọ́n máa wo ilẹ̀ nígbà tí èèyàn bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, kó lè di dandan fún un láti bojú wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn tó dá mi lójú jù lọ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo kanban, ọ̀nà iṣẹ́ mìíràn, tí David Anderson ṣíwájú wọn ní Corbis, ilé iṣẹ́ tó ń ta àwòrán, nílùú Seattle. Wọ́n á lẹ iṣẹ́ mọ́ pátákó, láti èyí tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ní apá òsì dé èyí tó ti fẹ́ parí ní apá ọ̀tún. Ìpàdé á bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Kò sẹ́ni tí wọ́n ń bi pé kí lo ṣe lánàá. Wọ́n ń bi iṣẹ́ ni: kí ló dá èyí dúró, ta ló lè ràn án lọ́wọ́ kó kọjá lónìí? Ẹni tó ń ṣe wàhálà púpọ̀ láìparí nǹkan kan kò ní ibi tó máa sá sí.

Sutherland àti Schwaber náà yí padà díẹ̀díẹ̀. Ìwé ìlànà Scrum tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 2010 ní ìbéèrè mẹ́ta náà nínú. Ní 2017, wọ́n ní àpẹẹrẹ lásán ni. Ní 2020, wọ́n yọ ọ́ pátápátá: kí ẹgbẹ́ yan bó ṣe wù wọ́n, bí ìpàdé náà bá ṣáà ti yọrí sí ètò iṣẹ́ fún ọjọ́ náà. Ìṣẹ́jú 15 nìkan ni kò yẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni àrùn Kòrónà lé gbogbo èèyàn wọlé, tí ìdúró di ohun tí kò sẹ́ni tó lè rí lójú Zoom.

Àwọn ọmọ wa kò dúró de Kòrónà kí wọ́n tó mọ ìyẹn. Láti ìgbà tí Andela ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2014, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nígbà náà, àwọn tí yóò máa bá ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, standup tiwọn kì í bọ́ sí àárọ̀. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ní San Francisco jẹ́ agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ l'Ékòó, tí àwọn ará ọ̀hún bá sì dá agogo wọn padà nígbà òtútù, ó di mẹ́fà. Àwọn ẹgbẹ́ kan fi kíkọ ránṣẹ́ rọ́pò rẹ̀, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá kọ ọ́ l'Ékòó ní agogo mẹ́sàn-án pé òun há, ẹni tó mọ ojútùú rẹ̀ ṣì ń sùn ní California, ọjọ́ á ti lọ tán kó tó jí kà á. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ yá á wá wákàtí kan tí gbogbo wọn jọ wà lójúfò, bíi agogo mẹ́rin ọ̀sán l'Ékòó tó jẹ́ mẹ́jọ àárọ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n á sì fi ìpàdé síbẹ̀.