Bí Àwọn Agunpáta Ṣe Di Onílẹ̀

Ẹni tó ń gun àpáta kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ á mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ó mọ ibi tí ìka méjì péré lè dì mú lára rẹ̀, ó mọ ibi tí omi ti máa ń sun lẹ́yìn òjò. Ṣùgbọ́n bí àpáta náà bá wà lórí ilẹ̀ oní-ǹkan, ọjọ́ tí onílẹ̀ bá fi ṣéènì dínà ni gbogbo ìmọ̀ yẹn parí. Ìbẹ̀rù ọjọ́ yẹn ló bí àṣà pé kí àwọn agunpáta máa dáwó jọ láti ra àpáta.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́n ọgbọ́n yìí tipẹ́. Harrison's Rocks ní Sussex jẹ́ òkúta yanrìn rírọ̀ tí kò ga púpọ̀. Ní 1958 ni àwọn agunpáta rà á, tí wọ́n sì fi í lé ẹgbẹ́ eré ìdárayá kan lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà tì í mọ́ wọn. British Mountaineering Council, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn agunpáta Gẹ̀ẹ́sì, ló ń bójú tó o báyìí.

Ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ ló ń ba onílẹ̀ lẹ́rù jù: bí ẹnìkan bá já bọ́ ńkọ́, tó wá pe òun lẹ́jọ́? Òfin wà ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tó ń dáàbò bo ẹni tó bá jẹ́ kí àwọn èèyàn wá ṣeré lórí ilẹ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá gba owó ìwọlé, ààbò yẹn lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdààmú ni tirẹ̀, èrè kankan ò sí níbẹ̀. Èmi ò lè dá onílẹ̀ tó ti ilẹ̀kùn lẹ́bi. Nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí ni wọ́n ṣe dá Access Fund sílẹ̀ ní 1991, láti máa bá àwọn onílẹ̀ àti ìjọba sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn agunpáta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù ni Red River Gorge, ní ìlà-oòrùn Kentucky. Òkúta yanrìn tó kún fún ihò àti etí ni, ìka á kàn wọ inú rẹ̀ bí ìgbà tí ó wọ àpò. Apá kan rẹ̀ wà nínú igbó ìjọba. Lábẹ́ àwọn àpáta ibẹ̀, ipa àwọn èèyàn àtijọ́ ṣì wà, òdòdó kan sì ń hù níbẹ̀ tí kò hù níbòmíràn láyé. Ìjọba wá le mọ́ ẹni tó bá fẹ́ kan irin tuntun tí wọ́n ń so okùn mọ́ mọ́ àpáta, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ni àwọn agunpáta bá yíjú sí gúúsù, sórí ilẹ̀ àdáni. Ní 1996 wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Red River Gorge Climbers' Coalition. Ní 2004, ẹgbẹ́ náà ra nǹkan bí éékà 750 ní Lee County.

Ẹ wò ó, gbèsè ni wọ́n fi rà á! Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn ń sùn sínú àgọ́ tàbí inú ọkọ̀ nípàrí ọ̀sẹ̀ fọwọ́ síwèé ilẹ̀, wọ́n sì ń san án lọ́dọọdún. Wọ́n ń tọrọ, wọ́n ń ta aṣọ, wọ́n ń ṣe àjọ̀dún tí wọ́n pè ní Rocktoberfest. Orí ilẹ̀ nìkan ni wọ́n sì rà: ẹlòmíràn ló ni ẹ̀tọ́ sí epo rọ̀bì tó wà nísàlẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ ìfapo àti agunpáta jọ ń lo ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ kan náà. Síbẹ̀ wọn ò dúró: wọ́n ra ilẹ̀ Miller Fork ní 2013, àti ti Bald Rock Fork ní 2017.

Ní ọdún 2015, tọkọtaya kan tó ni Muir Valley ní agbègbè náà, tí wọ́n ti ń fi àyè gba gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, fi àfonífojì náà ta ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ. Ọ̀fẹ́ kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ o. Ilé ìyàgbẹ́ ń fẹ́ kíkó, òjò ń fọ ọ̀nà, ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà gbé ẹni tó bá fara pa kò gbọdọ̀ bàjẹ́.

Ní Index, ìpínlẹ̀ Washington, ewu tibẹ̀ le ju ṣéènì lọ. Ní 2009, iṣẹ́ ìfọ́kúta tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé òkúta nígbà àtijọ́. Bí wọ́n bá fọ́ àpáta, kò sí ẹni tó máa tò ó padà. Ẹgbẹ́ agunpáta ìpínlẹ̀ náà dáwó jọ, wọ́n sì ra ògiri òkúta náà.

Àìrówó lákòókò ló máa ń pa irú ètò báyìí, nítorí onílẹ̀ tó fẹ́ tà kì í dúró de ẹni tó ṣì ń tọrọ. Access Fund wá ya owó kan sọ́tọ̀ fún yíyá. Ẹgbẹ́ tó bá nílò rẹ̀ á yá a, á fi ra ilẹ̀ kíá, á wá máa dáwó jọ láti san án padà. Bó bá ti san án tán, owó kan náà á tún lọ ra àpáta mìíràn.