Yíyan Awò Awọ̀nàjíjìn Kan Ṣoṣo fún Ẹyẹ, Ọ̀bọ àti Etí Ọ̀sà ní Èkó

Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára awò awọ̀nàjíjìn olójú méjì, ìyẹn báínókúlà: 8x42, 10x50, 8x25, 20x50. Ti àkọ́kọ́ ń sọ iye ìgbà tí awò náà fi ń fa nǹkan súnmọ́ni. Lékeléke tó dúró ní mítà 80 yóò rí bíi pé mítà 10 péré ló jìnnà síni bí a bá fi awò 8 wò ó. Ti kejì ni bí dígí iwájú ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹni tí owó rẹ̀ ká ẹyọ kan péré, tó sì fẹ́ lò ó nínú igbó Lekki Conservation Centre, létí ọ̀sà ní Akoka àti nínú ọkọ̀ ojú omi, tó tún fẹ́ gbé e lọ sí Yankari, ọgbà ẹranko ní Bauchi, nígbà tí ààyè bá yọ, 8x42 tí omi kò lè wọ̀ ni kó rà. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà yóò sọ fún un pé nọ́ńbà tó bá pọ̀ jù ló lágbára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Awò tó ń fa ẹyẹ súnmọ́ni ń fa gbígbọ̀n ọwọ́ súnmọ́ni pẹ̀lú. Kò sí ọwọ́ tó dúró gbọin. Bí ọwọ́ bá mì díẹ̀, awò 8 yóò sọ mímì yẹn di ìlọ́po mẹ́jọ, awò 20 yóò sọ ọ́ di ogún, ẹyẹ yóò sì máa fò sókè sódò lójú ẹni títí a kò fi ní mọ àwọ̀ ìyẹ́ rẹ̀. Afárá orí igi tó wà ní Lekki gùn tó mítà 401, gbogbo ẹni tó bá ń rìn lórí rẹ̀ ló ń mú un mì. Awò 10 ti nira lò níbẹ̀. Èyí tó bá ti kọjá 12, àfi kéèyàn gbé e lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó fẹ́ máa gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọ danfó.

Afẹ́fẹ́ náà wà níbẹ̀. Bí oòrùn ọ̀sán bá ti mú, ooru á máa ru sókè lórí ọ̀dà títì àti lórí òrùlé páànù, ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á sì máa jó lójú ẹni. Nígbà ọyẹ́, eruku á tún bo gbogbo rẹ̀. Awò ńlá yóò mú ooru àti eruku wọ̀nyí tóbi sí i gẹ́gẹ́ bó ṣe mú ẹyẹ tóbi, kò ní fi ohun tuntun kankan hàn. Àwọn tó ń sọ pé ilẹ̀ gbalasa bíi ti Yankari gba awò 10 ní ìdí díẹ̀, ṣùgbọ́n erin tó wà ní mítà 200 létí odò Gaji yóò rí nínú awò 8 bí èyí tó wà ní mítà 25. Ìyẹn ti tó láti rí bó ṣe ń ju etí.

Bí agbára awò bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ibi tó ń fi hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń kéré sí i. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára awò bóyá ní mítà, ìyẹn bí ibi tó hàn ṣe fẹ̀ tó bí a bá wo ohun tó jìnnà tó mítà 1000, bóyá ní dígírì. Dígírì kan jẹ́ nǹkan bíi mítà 17.5, nítorí náà awò tí wọ́n kọ 7.5° sí ń fi mítà 131 hàn. Ọ̀pọ̀ 8x42 tó dára wà láàárín mítà 125 sí 145. Ọ̀pọ̀ 10x42 kò ju 100 sí 115 lọ. Nínú igbó àbàtà, níbi tí àwọn ọ̀bọ mónà ti ń ti ẹ̀ka kan bọ́ sí èkejì, ibi fífẹ̀ yìí ló ń mú kéèyàn tètè rí ẹranko náà kó tó wọ inú ewé lọ. Ẹ má gba èyí tó kéré sí mítà 125.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, ẹ pín nọ́ńbà kejì pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. 42 tí a pín sí ọ̀nà 8 jẹ́ 5.25: ìyẹn ni fífẹ̀ òbìrí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde wá sójú, ní mìlímítà. 8x25 fúnni ní 3.1, 10x42 ní 4.2, 20x50 ní 2.5 péré bó tilẹ̀ tóbi lọ́wọ́. Nínú oòrùn gangan, ọmọlójú èèyàn máa ń sún kì sí mìlímítà 2 tàbí 3, nítorí náà awò kékeré 8x25 yóò ṣe dáadáa létí òkun ní Tarkwa Bay. Lábẹ́ igi, ọmọlójú á fẹ̀, awò kékeré yẹn kò sì ní ìmọ́lẹ̀ tó láti kún un, gbogbo nǹkan á wá ṣókùnkùn. Òkùnkùn tí à ń sọ níhìn-ín, ti abẹ́ ewé ni, kì í ṣe ti ìrọ̀lẹ́: oòrùn Èkó máa ń wọ̀ láàárín nǹkan bí aago 6:25 sí 7:10 jálẹ̀ ọdún, ilẹ̀ sì máa ń tètè ṣú lẹ́yìn rẹ̀. Òbìrí tó fẹ̀ tún ní àǹfààní mìíràn tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń mì, ojú kì í tètè ṣìnà kúrò lára rẹ̀.

8x42 máa ń wọn láàárín gíráàmù 650 sí 800. Bí èyí bá wúwo jù fún ọmọdé tàbí fún ẹni tí ọrùn ń dùn, 8x32 ni kó mú. Òbìrí tirẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4, ó sì fúyẹ́.

Omi ló ń ba awò jẹ́ jù ní Èkó, kì í ṣe ti òjò nìkan, ti inú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú. Kí ó tó yéni, ó dára kéèyàn mọ ohun tó wà nínú awò. Dígí iwájú máa ń dorí àwòrán kodò. Dígí onígun mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní prísìmù ló ń yí i padà sípò. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà tò wọ́n. Èyí tí Ignazio Porro ará Ítálì ṣe ní 1854 ló wà nínú awò tí dígí iwájú rẹ̀ jìnnà síra ju dígí ibi ojú lọ, tí ara rẹ̀ wọ́ bí ìgbọ̀nwọ́. Ọ̀nà kejì ló wà nínú awò onípáìpù tó gùn tààrà. Owó kan náà tí èèyàn bá fi ra méjèèjì, Porro ló sábà máa ń mọ́ jù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń yí kẹ̀kẹ́ àárín rẹ̀, apá ibi ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jáde, ó ń wọlé, ó sì ń fa afẹ́fẹ́ wọnú bí ẹwìrì. Afẹ́fẹ́ Èkó kò ṣeé fà sínú awò. Onípáìpù tààrà ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ara rẹ̀, wọ́n lè fi rọ́bà dí gbogbo ojú ibi tó so pọ̀, kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí wọ́n sì fi gáàsì náítírójìn gbígbẹ rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ka ara páálí rẹ̀ dáadáa. “Water resistant” túmọ̀ sí pé ó lè fara da ìwọ̀n òjò wíńníwínní, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. “Waterproof” àti “nitrogen filled” ni ẹ ń wá. Bí ẹ bá rí IPX7, ó fi hàn pé wọ́n dán an wò nínú omi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. “Fully multi-coated” ń sọ pé gbogbo ojú dígí ni wọ́n fi ohun tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ta padà kùn, ní ìpele púpọ̀. “Phase coated”, ìyẹn ohun tí wọ́n fi kun prísìmù, ṣe pàtàkì fún onípáìpù tààrà, nítorí láìsí i àwòrán kì í mú tó bó ṣe yẹ. Ibi tí wọ́n ti ń gé owó kù nìyẹn nínú àwọn èyí tó pọ́ọ́kú.

Bí awò bá kúrò nínú ọkọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú tutù, tó bọ́ sínú ooru, ìta dígí rẹ̀ yóò bu ìrì. Ẹ má nù ún. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò lọ fúnra rẹ̀. Èyí tó sàn jù ni kẹ́ ẹ fi sínú búùtù ọkọ̀, kó má bàa tutù rárá. Bí ìrì náà bá wà nínú, tí ìka kò lè kàn án, rọ́bà ti já nìyẹn, kò sì sí ohun tí wọ́n lè fi ṣe é nílé. Láìpẹ́ fúngọ́sì yóò bẹ̀rẹ̀ sí hù lórí dígí, irú ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Ó máa ń rí bí okùn aláǹtakùn tín-ín-rín. Bó bá pẹ́, á jẹ ojú dígí gan-an, àpá rẹ̀ kò sì ní parẹ́ mọ́.

Ẹni tó ń lo dígí ojú ní láti wo nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní “eye relief”, ìyẹn àlàfo tó yẹ kó wà láàárín ojú àti awò. Kó má ṣe dín ní mìlímítà 16. Bó bá dín, etí àwòrán yóò gé kúrò, èèyàn yóò sì máa rí kìkì àárín. Rọ́bà ibi ojú gbọ́dọ̀ ṣeé yí wálẹ̀ fún un. Ẹni tí kì í lo dígí ojú yóò yí i sókè.

Yálà ní Computer Village ní Ìkẹjà ni tàbí ní Balogun, tuntun tàbí tòkúnbọ̀, ẹ má sanwó kí ẹ tó dán awò wò níta gbangba. Ẹ gbé e jìnnà sójú ní gbọọrọ apá, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ojú ọ̀run tó mọ́, kì í ṣe sí oòrùn láé, ó lè fọ́ ojú. Òbìrí ìmọ́lẹ̀ méjì yóò hàn. Kí wọ́n rí róbótó. Bí etí wọn bá ní igun tó ṣókùnkùn, prísìmù inú rẹ̀ kò dára tó. Lẹ́yìn náà ẹ wo etí òrùlé tàbí pátákó ìpolówó kan tó jìnnà, kí ẹ rọra máa fà awò sẹ́yìn kúrò lójú. Bí ìlà òrùlé náà bá pín sí méjì, tí ọ̀kan ga ju èkejì lọ, awò ti ṣubú rí. Ọpọlọ lè so méjèèjì pọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n orí yóò fọ́ ẹni tó bá lò ó fún wákàtí kan. Ẹ tan iná fóònù sí dígí iwájú, kí ẹ máa wo inú láti ẹ̀yìn: okùn fúngọ́sì yóò hàn kedere. Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé. Ìdè àárín kò gbọdọ̀ dẹ̀.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kéèyàn fi ọwọ́ kàn rárá. Èyí tí dígí iwájú rẹ̀ pupa bí ọsàn agbálùmọ̀ ń ti ìmọ́lẹ̀ pupa padà, ohun gbogbo inú rẹ̀ á máa rí bí ewéko. Èyí tí wọ́n kọ 60x60 sí tó sì kéré lọ́wọ́, irọ́ ni wọ́n kọ. Oní-“zoom” ń yí agbára rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ibi tó ń fi hàn máa ń há, apá méjèèjì kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó ṣe ségesège.

Awò tó dára gan-an ṣì lè dà bí àgbàlagbà tí kò ríran bí wọn kò bá tò ó mọ́ ojú ẹni tó ń lò ó. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ìdè àárín títí àwòrán méjèèjì yóò fi di òbìrí kan. Ẹ fi ọwọ́ bo dígí iwájú ọ̀tún, kí ẹ fi ojú òsì wo ohun tó ní ìwé lára ní bíi mítà 30, kí ẹ yí kẹ̀kẹ́ àárín títí yóò fi mú. Wàyí o, ẹ bo ti òsì, ẹ má fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ mọ́, òrùka tó wà níbi ojú ọ̀tún nìkan ni kí ẹ yí títí ìwé kan náà yóò fi mú. Ẹ kọ ibi tí àmì òrùka náà dúró sí pamọ́, nítorí àpò lè yí i. Láti ìgbà náà lọ, kẹ̀kẹ́ àárín nìkan ni ẹ ó máa lò. Bí ẹ bá rí ẹyẹ, ẹ má gbé ojú kúrò lára rẹ̀ láti wá awò: kí ojú dúró síbi tó wà, kí ọwọ́ gbé awò wá pàdé rẹ̀. Ẹ má sì gbé e sójú nítòsí bárékè, ibùdó ọkọ̀ ogun ojú omi tàbí pápákọ̀ òfurufú; sójà kò ní gbà pé àwòdì ni ẹ ń wò.

Bí ẹ bá ti etí òkun dé, iyọ̀ wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ “waterproof” tòótọ́, ẹ fi omi ẹ̀rọ tó mọ́ ṣàn án díẹ̀díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ níbòji. Eruku ọyẹ́ ni ẹ kò gbọdọ̀ fi etí aṣọ nù, iyanrìn wà nínú rẹ̀, yóò fá ohun tí wọ́n kùn sójú dígí. Ẹ kọ́kọ́ fi rọ́bà afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ dànù, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a, kó tó kan aṣọ tí wọ́n fi ń nu dígí ojú, tí a ti fi ohun èlò ìfọ-dígí díẹ̀ tutù. Àpò awọ tó bá a wá kò dára fún ìpamọ́, ọ̀rinrin ń wà nínú rẹ̀. Ike onídèérí tó há dáadáa ni kí ẹ fi í sí, pẹ̀lú bíi mẹ́rin nínú àwọn àpò kéékèèké oníhóró tó ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Àwọn hóró náà ń fa omi mu, wọ́n á sì kún bó bá pẹ́, nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ wọn, pàápàá láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹwàá. Bí ẹ kì í bá sì lo awò náà lóòrèkóòrè, ẹ máa ṣí ike náà lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, kí ẹ gbé e síta níbòji fún wákàtí kan.