Ibi tí Píksẹ́lì ti Bẹ̀rẹ̀, àti Ohun tí Súùmù Ń Gé Kúrò Nínú Fọ́tò

Fọ́tò ti di píksẹ́lì, ìyẹn àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, kí kámẹ́rà píksẹ́lì tó dé. Lọ́dún 1957, ní National Bureau of Standards, àjọ ìjọba tó ń rí sí òṣùwọ̀n nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Russell Kirsch àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ jòjòló sẹ́nu ẹ̀rọ kan tó kà á sínú kọ̀ǹpútà: píksẹ́lì 176 níbùú, 176 lóòró.

Kámẹ́rà píksẹ́lì gan-an dé lọ́dún 1975. Steven Sasson ló tò ó pọ̀ ní iléeṣẹ́ kámẹ́rà Kodak, nílùú Rochester ní Amẹ́ríkà: lẹ́ńsì kámẹ́rà sinimá, bátìrì 16, kásẹ́ẹ̀tì tí àwòrán ń wọ̀ sí. Ó wúwo tó kílò 3.6, ìṣẹ́jú-àáyá 23 sì ni fọ́tò kan fi ń wọ kásẹ́ẹ̀tì. Dúdú àti funfun ni, píksẹ́lì 100 sí 100. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fi wò ó. Ká ní orí bébà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, ní píksẹ́lì 300 sí ìǹsì kan bí lábù ṣe ń fọ fọ́tò lónìí, ìdá mẹ́ta ìǹsì péré ni ì bá jẹ́, kò tó èékánná àtàǹpàkò.

Ìṣirò yẹn ò tíì yí padà. Kámẹ́rà Kodak DCS ọdún 1991 ní píksẹ́lì mílíọ̀nù 1.3, ìǹsì mẹ́rin ó lé díẹ̀ ló lè kún. Fọ́tò ìǹsì 6 x 4 ń fẹ́ píksẹ́lì 1800 sí 1200. 10 x 8 ń fẹ́ 3000 sí 2400.

Súùmù tí lẹ́ńsì ń ṣe ń fi gíláàsì fa nǹkan súnmọ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó kan sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, píksẹ́lì ò dín. Èyí tá à ń fi ìka méjì fẹ̀ lójú fóònù, gígé ni lọ́pọ̀ ìgbà. Fóònù tó ń ya píksẹ́lì 4000 sí 3000, bẹ́ ẹ bá súùmù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, 1000 sí 750 ló kù. Èyí tí fóònù fi dí àlàfo, ìméfò ni. Ẹ wo ìyàwó tí wọ́n yà bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Lójú fóònù, ó dùn ún wò. Kí lábù fọ ọ́ sí 10 x 8, ihò léèsì á ti lẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀kọ, eyín á di ìlà funfun kan ṣoṣo. Yíyí píksẹ́lì 72 sí ìǹsì kan padà sí 300 nínú kọ̀ǹpútà ò sì lè gbà á sílẹ̀, nọ́ńbà lásán lẹ yí.

Ẹ rìn súnmọ́ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà. Bí àyè ò bá sí, ẹ yà á láìsúùmù, ẹ gé e nílé, kẹ́ ẹ fi 300 pín píksẹ́lì tó kù níbùú àti lóòró: ìǹsì tí bébà lè gbà nìyẹn. Bánà tí wọ́n ń wò lókèèrè, píksẹ́lì 100 sí ìǹsì kan tó o. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí lábù lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi Document, torí bó bá lọ gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò, wọ́n á tún dín in kù lọ́nà.