Kí Fádà Tó Dé: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ìsìn Ọjọ́ Àìkú ní Ìjọ Àgùdà Abúlé

Ríìmù ọkọ̀ ni agogo wa. Wáyà ni wọ́n fi so ó kọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Irin gbọọrọ kan wà ní ìdí igi náà tí ọmọdé kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, àfi ẹni tí katikíìsì, olùkọ́ ìsìn tó ń bójú tó ìjọ, bá rán. Láago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú ó dún lẹ́ẹ̀kìíní, láago méje ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá fi máa dún lẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tó ṣì ń fi àdín pa ara ọmọ mọ̀ pé òun ti pẹ́. Nínú Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin, mẹ́ta ni Fádà kì í sí níbẹ̀. Katikíìsì ló ń wọ aṣọ funfun, òun ló ń ka Ìwé Mímọ́, òun ló ń wàásù, òun náà ló ń ka owó ọrẹ lójú gbogbo wa, a ó sì túká. Ìgbà tí mo dé ìgboro ni mo tó gbọ́ pé irú ìsìn bẹ́ẹ̀ ní orúkọ lọ́dọ̀ àwọn ará Róòmù, pé ìsìn Ọjọ́ Àìkú níbi tí kò sí àlùfáà ni wọ́n ń pè é, àti pé ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 1988 ni wọ́n gbé ìwé ìlànà rẹ̀ jáde. Ẹ̀rín pa mí. Nílẹ̀ tiwa, ìsìn tí kò ní Fádà ló ṣáájú èyí tó ní.

Èkó ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Brazil bẹ̀rẹ̀ sí í ra ara wọn padà, wọ́n ń wọ ọkọ̀ òkun bọ̀ wálé. Àwọn kan sọ̀ sí Ajudá (Ouidah), àwọn kan sí Pọ́tó-Nófò (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin òde òní, àwọn kan sí Àgbádárìgì àti Èkó. Àwọn la mọ̀ sí Àgùdà. Púpọ̀ nínú wọn ti ṣe ìrìbọmi ní Bahia, wọ́n mọ àdúrà lédè Potogí, ṣùgbọ́n wọn kò ní àlùfáà láàrin wọn ní Èkó. Bí orúkọ wọn ṣe di orúkọ ìjọ nìyẹn. Títí di òní, bí ìyá àgbà kan bá ní ní abúlé pé, "Àgùdà ni èmi," kì í ṣe pé bàbá rẹ̀ ti Brazil dé. Kátólíìkì ló ń sọ.

Nínú àwọn Àgùdà Èkó yìí ni ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio. Ẹrú ni òun náà rí. Kò gba oyè àlùfáà, nítorí náà kò ṣe Mísà. Ṣùgbọ́n ó kọ́ ilé àdúrà kékeré kan, ó ń kó àwọn èèyàn jọ ní Ọjọ́ Àìkú, ó ń kọ́ ọmọdé ní àdúrà, ó ń ṣe ìrìbọmi, ó sì ń sin òkú. Nígbà tí Fádà Francesco Borghero, ará Ítálì, wọ Èkó lọ́dún 1863, àgùntàn tó ń bọ̀ wá wá ti wà nínú agbo, ẹnì kan sì ti ń dà wọ́n.

Ẹgbẹ́ SMA (Society of African Missions) ló rán Borghero, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì tí Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní Lyon ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1856. Brésillac fúnra rẹ̀ dé Freetown ní oṣù Karùn-ún ọdún 1859, ibà pọ́njú sì pa á kí oṣù Kẹfà tó parí. Borghero gúnlẹ̀ sí Ajudá ní oṣù Kẹrin ọdún 1861. Lẹ́yìn tó ti fojú rí Èkó tán, ó tún tó ọdún márùn-ún gbáko kí Fádà Pierre Bouche tó wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún 1868. Ọdún márùn-ún ni Ọjọ́ Àìkú tó lé ní igba àti àádọ́ta. Pa Antonio ló ń darí wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ni katikíìsì àkọ́kọ́ ní Èkó, orúkọ rẹ̀ ni mo máa dá, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó fún un níwèé oyè.

Láti Èkó, ọ̀nà wọ inú ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Abẹ́òkúta ní 1880, Ìbàdàn ní 1895, níbi tí wọ́n ti sọ òkè kan ní Òkè Padre tí orúkọ náà kò sì kúrò lẹ́nu onímọ́tò títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó àlùfáà kò pọ̀, ibà sì ń pa nínú wọn. Ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di àlùfáà Kátólíìkì, Paul Emecete, oṣù Kìíní ọdún 1920 ni wọ́n fi í joyè ní Asaba. Ẹ wá wò ó: láti ìgbà Borghero ní Èkó sí ìgbà Emecete, ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ta ló ń gba àdúrà fún àwọn ará oko ní gbogbo àkókò yẹn?

Àwọn ará oko fúnra wọn ni. Bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn ìjọ abúlé ní agbègbè wa, kì í sábà jẹ́ pé Fádà ló kọ́kọ́ dé. Ọmọ ìlú kan ló lọ ṣòwò níbòmíràn, tàbí tó lọ ṣiṣẹ́ lójú irin, tàbí ìyàwó kan ló ti ilé àwọn òbí rẹ̀ gbé ìsìn wọlé ọkọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹnì kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ka rosárì. Nígbà tí wọ́n bá tó mẹ́wàá, wọn á ránṣẹ́ sí Fádà. Fádà á wá lẹ́ẹ̀kan, á yẹ wọ́n wò, á sì ní òun máa rán tíṣà sí wọn.

Ọ̀rọ̀ tíṣà yìí gba àlàyé. Ilé kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ilé-ìwé láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n fi ń ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọjọ́ Àìkú. Ẹni kan náà ló ń kọ́ ọmọ ní A-B-D, tó tún ń kọ́ bàbá ọmọ náà ní katikísímù lálẹ́, lábẹ́ fìtílà. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ibòmíràn fi ń pe katikíìsì ní Tíṣà, tí wọ́n ń pe ìyàwó rẹ̀ ní Ìyá Tíṣà, kódà bí ọkùnrin náà kò bá fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì láyé rẹ̀. Ìbéèrè àti ìdáhùn ni ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì ń há a sórí bí ẹni ń kọ́ ẹsẹ̀ Ifá: "Ta ni ó dá ọ?" "Ọlọ́run ni ó dá mi." Mo mọ ìyá kan tí kò lè ka lẹ́tà kan ṣoṣo, tó sì lè dáhùn gbogbo rẹ̀ láìkọsẹ̀.

Ohun tó ṣòro jù ni ọjọ́ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àtijọ́ tiwa. Ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta, òrìṣà kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin yìí náà ni ọjà fi ń yípo, àmọ́ nítorí pé a máa ń ka òní mọ́ ọn, ọjà ọrọọrún la ń pè é. Ìsìn tuntun wá gbé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje dé. Kò rí orúkọ mìíràn fún un ju "ọ̀sẹ̀" lọ, orúkọ tí àwọn abọ̀rìṣà fi ń pe ọjọ́ mímọ́ wọn, àwọn kan sì ń pe Sọ́ńdè gan-an ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Mo fẹ́ràn kí n máa rántí èyí nígbà tí mo bá gbọ́ tí oníwàásù ń sọ pé a kò gbọdọ̀ da nǹkan àtijọ́ pọ̀ mọ́ ìsìn.

Kàlẹ́ńdà méjì ni katikíìsì wá ń gbé lórí. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọjọ́ mẹ́rin lọ́nà méje, ọjọ́ méje lọ́nà mẹ́rin, ọjọ́ 28 ni méjèèjì. Nínú Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin, ọ̀kan á bọ́ sí ọjọ́ ọjà dandan. Lọ́jọ́ náà, àfi kí ìsìn tètè bẹ̀rẹ̀, kí ìwàásù sì kúrú, torí pé àwọn obìnrin ti di gaàrí wọn sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Katikíìsì tó bá gbọ́n kò ní jẹ́ kí Fádà mú ọjọ́ yẹn. Bí Fádà bá ní Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù lòun ń bọ̀, ó di wàhálà, nítorí oṣù òyìnbó kò bá ti ọjà rìn: ó lè bọ́ síta lóṣù yìí kó sì ko ọjà lóṣù tó ń bọ̀.

Ọjọ́ tí Fádà bá ń bọ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni abúlé ti ń gbóná. Wọ́n á ro igbó àyíká ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gbálẹ̀, àwọn tó wà ní ahéré á wọlé lálẹ́. Láyé àtijọ́, ààwẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba Ara Olúwa kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun kan ẹnu láti ọ̀gànjọ́ òru, wọn kò yọ̀ǹda omi pàápàá. Àwọn Fádà tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti abúlé dé abúlé ń gun ún pẹ̀lú ikùn òfìfo àti ọ̀nà ọ̀fun gbígbẹ, bí wọ́n bá sì ní Mísà méjì láti ṣe, ó di ẹ̀yìn ìkejì kí wọ́n tó jẹun. Ìdí nìyẹn tí Mísà fi máa ń jẹ́ òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1953 ni Póòpù Pius Kejìlá sọ pé omi kò ba ààwẹ̀ náà jẹ́ mọ́, tó sì fàyè gba Mísà ìrọ̀lẹ́ níbi tó bá pọndandan. Lọ́dún 1957 ó di wákàtí mẹ́ta, lọ́dún 1964 ó di wákàtí kan. Ní ìlú ńlá, àwọn èèyàn lè má kà á sí. Ní oko, ó túmọ̀ sí pé Fádà lè dé abúlé kẹta kí oòrùn tó wọ̀.

Àwọn Ọjọ́ Àìkú yòókù, ètò tí kò yí padà ni: rosárì lákọ̀ọ́kọ́, "Mo kí ọ Màríà" tí apá ọ̀tún ń bẹ̀rẹ̀ tí apá òsì ń parí, lẹ́yìn náà orin, ìwé kíkà, ìwàásù, àdúrà, ọrẹ, ìkéde. Ìkéde gùn ju ìwàásù lọ. Àwọn ọmọ ta ni kò wá kíláàsì, ẹgbẹ́ wo ni yóò gbálẹ̀, ọjọ́ wo ni a óò lọ bá ìdílé tó ṣọ̀fọ̀ ṣe oko. Mo gbà lọ́kàn ara mi pé ibẹ̀ gan-an ni ìjọ wà.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa ìsìn kì í sábà mẹ́nu bà. Ní ọjọ́ Mísà, àwùjọ máa ń pín sí méjì nígbà Kọmúníọ̀nù. Àwọn kan á dìde, àwọn olórogún àti ọkọ olóbìnrin púpọ̀ á jókòó, gbogbo ojú á sì mọ ìdí. Ní ọjọ́ katikíìsì, kò sẹ́ni tó dìde, kò sẹ́ni tó jókòó sẹ́yìn. Ìyá mi àgbà, tó jẹ́ ìyàwó kẹta, kò pa ọjọ́ katikíìsì jẹ rí. Ọjọ́ Fádà, ẹ̀yìn máa ń dùn ún nígbà mìíràn.

Ìgbìmọ̀ Fátíkánì Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Róòmù, ló wá fi òǹtẹ̀ lu ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀. Ìwé wọn lórí ìsìn, tó jáde ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1963, ní kí a gbé ìsìn Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ga ní àwọn Ọjọ́ Àìkú níbi tí àlùfáà kò bá sí, kí díákónì tàbí ẹni tí bíṣọ́ọ̀bù bá yàn darí rẹ̀. Ìwé kan náà ló ṣílẹ̀kùn fún èdè ìbílẹ̀. Látìnì kúrò níbẹ̀, ìlù wọlé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ tiwa ti wọlé ṣáájú ìlù. Láti 1947 ni Fádà Kevin Carroll ti ń bá àwọn agbẹ́gilére ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Bándélé ọmọ Arówógún wà níbẹ̀, Lámídì Fákẹ́yẹ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Mùsùlùmí ni Lámídì. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àti ère ìbí Jésù ni wọ́n ń gbẹ́, àwọn ọba tó wá kí ọmọ náà sì dé adé ìlẹ̀kẹ̀.

Owó oṣù katikíìsì ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti máa ń bà mí nínú jẹ́. Iṣu ọwọ́ kan, ọ̀wẹ̀ ọjọ́ kan lóko rẹ̀, àti nǹkan díẹ̀ tí ìjọ bá dá jọ, tí oṣù méjì sì lè kọjá láìdé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, Póòpù Francis fi ìwé kan sọ iṣẹ́ katikíìsì di oyè tí ìjọ ń fi èèyàn jẹ ní gbangba. Ìwé náà dùn ún kà. Kò sí owó nínú rẹ̀.

Ìwé mìíràn wà tí mo kà sí ju ìyẹn lọ, ìwé àjákọ olójú ewé ọgọ́rùn-ún tí katikíìsì wa ń tọ́jú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá ń kú lọ kò lè dúró de Fádà, ìjọ sì fàyè gba ẹnikẹ́ni láti ṣe ìrìbọmi fún un. Bí katikíìsì bá ti bu omi sí i lórí, á kọ orúkọ àti ọjọ́ síbẹ̀. Bí ẹni náà bá yè, Fádà á fi òróró kún un nígbà tó bá dé, á sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tó wà ní pàríìṣì. Gìrì mú mi nígbà tí mo wà ní ọmọ oṣù mẹ́ta. Nínú ìwé pàríìṣì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ mi. Nínú ti katikíìsì, ọjọ́ kẹfà ni, ìnkì rẹ̀ sì ti ṣàn díẹ̀ níbi tí omi ta sí.