Ìmúrasílẹ̀ fún Òkè Oníná Láwọn Ìlú Térò Pọ̀ Sí

Ìmúrasílẹ̀ fún òkè oníná (àwọn míì ń pè é ní òkè ayọnáyèéfín) ni ètò tí ìjọba àtàwọn ará ìlú ń ṣe sílẹ̀ kí òkè tó bẹ̀rẹ̀ sí í tu iná: ta ló máa kọ́kọ́ kúrò, ọ̀nà wo ló máa gbà, ibo ló máa sùn, ta ló sì láṣẹ láti sọ pé ó yá. Kò sí òkè oníná kankan ní Ìkòròdú o, ilẹ̀ iyanrìn àti amọ̀ la wà, èyí tá a mọ̀ nítòsí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni Òkè Kamẹrúùnù, tó tu iná lọ́dún 1999 àti 2000, ìlú Buea sì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ gan-an. Àmọ́ ẹni tó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Májídun dé Mile 12 láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò ní pẹ́ tó fi máa mọ ibi tí wàhálà ọ̀rọ̀ yìí wà. Kíkó èrò jáde ló le jù.

Láfà, ìyẹn àpáta tó ti yọ́ tó ń ṣàn bí ògì gbígbóná, kì í sábà sáré, ilé ló máa ń jó ju èèyàn lọ. Èyí tó ń pani ni ìkúùkù afẹ́fẹ́ gbígbóná àti eérú tó máa ń ya wálẹ̀ lára òkè, mọ́tò ò lè sá fún un, òun ló pa nǹkan bí 28,000 èèyàn ní Saint-Pierre ní erékùṣù Martinique lọ́dún 1902. Eérú tún máa ń wúwo lórí òrùlé tí òjò bá ti rin ín. Nígbà tí òkè Pinatubo bú ní Philippines lọ́dún 1991, òrùlé tó wó lu àwọn èèyàn ló pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú, ẹni tó bá sì mọ irú pákó tí wọ́n fi ń kan páànù nílé onílé-púpọ̀ á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́.

Ètò tí wọ́n máa ń tọ́ka sí dáadáa ni ti Naples ní Ítálì. Òkè Vesuvius, tó tu iná gbẹ̀yìn lọ́dún 1944, wà lápá kan, Campi Flegrei wà lápá kejì, ìyẹn ò tiẹ̀ jọ òkè, kòtò ńlá ni, ilé àti ṣọ́ọ̀bù ló kún inú ẹ̀. Nǹkan bí 700,000 èèyàn ló ń gbé agbègbè pupa Vesuvius, ìyẹn ibi tí ewu ti pọ̀ jù tí gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ kúrò, nǹkan bí 500,000 wà ní ti ìkejì. Tí àṣẹ bá ti jáde, wákàtí 72 ni wọ́n ní: 12 fún palẹ̀mọ́, 48 fún kí èrò jáde, 12 tó kù jẹ́ ààyè sílẹ̀ káwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn náà lè kúrò. Ẹni tó ní mọ́tò lè wa tiẹ̀, ẹni tí ò ní máa lọ síbi tí wọ́n ti dá pé kó dúró de bọ́ọ̀sì. Ibi tó dáa jù níbẹ̀ ni pé ìlú kọ̀ọ̀kan ti mọ ẹni tó máa gbà á lálejò, àwọn ará Pozzuoli, ìlú kan ní Campi Flegrei, Lombardia lókè àríwá ni wọ́n ń lọ. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá sọ fáwọn ará Sábó látòní pé tó bá ti ṣẹlẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ máa sùn.

Ní Goma, ní Kóńgò, nǹkan ò rí bẹ́ẹ̀. Láfà òkè Nyiragongo tó wà nítòsí ìlú náà sáré gan-an ní tiẹ̀, ó wọ àárín ìlú lóṣù kìíní ọdún 2002, ilé epo kan sì bú gbàmù, ó pa ọ̀pọ̀ lára àwọn tó wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bu epo (a mọ ìyẹn nílùú wa). Ní May 22, 2021, ó tún tu iná láìfún ẹnikẹ́ni ní àmì, ní May 27 ìjọba ní kí àdúgbò 10 kúrò torí wọ́n ń bẹ̀rù pé láfà lè yọ lábẹ́ ìlú tàbí lábẹ́ adágún Kivu. Nǹkan bí 400,000 èèyàn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, mátíràsì lórí, ọmọ lẹ́yìn, àwọn kan forí lé Sake, àwọn kan wọkọ̀ ojú omi lọ Bukavu, ọ̀pọ̀ ọmọdé sì sọnù mọ́ òbí wọn lọ́wọ́.

Ìgbàgbọ́ nínú ẹni tó ń pàṣẹ tún ṣe pàtàkì. Ní Armero ní Kòlóńbíà, wọ́n ti ya máàpù ewu kí ẹrẹ̀ òkè Nevado del Ruiz tó bo ìlú ní November 13, 1985, síbẹ̀ wọ́n ní káwọn èèyàn fọkàn balẹ̀, nǹkan bí 23,000 ló bá a lọ. Ní erékùṣù Guadeloupe lọ́dún 1976 ó yí padà, wọ́n kó èèyàn tó ju 70,000 kúrò fún ọ̀pọ̀ oṣù, iná ńlá tí wọ́n ń retí ò wá, àwọn onímọ̀ sì ń ta ko ara wọn ní gbangba. Ìgbà míì tí wọ́n bá tún ní kí wọ́n sá ńkọ́?

Irú ìbéèrè yìí wà níbi tiwa náà, omi ni tiwa. Tí wọ́n bá ṣí dáàmù Ọ̀yán tí Odò Ògùn sì kún, Ajégúnlẹ̀ àti Májídun lójú ọ̀nà Ìkòròdú ló máa ń rí i. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, 112 àti 767, wà, àmọ́ fírísà ni ìyá ọlọ́jà máa ń rò kó tó rántí fóònù.

Àwọn ìlú míì kàn ń bá òkè gbé ni. Ní Kagoshima ní Jàpáánì, òkè oníná Sakurajima máa ń da eérú sórí ìlú léraléra, ìjọba ìlú ń pín àpò fún un, àwọn èèyàn á gbálẹ̀, wọ́n á di eérú sínú ẹ̀, wọ́n á gbé e síbi tí wọ́n ti ń kó o, bá a ṣe ń gbé dọ̀tí síta de PSP.