Ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ àkàndá tó bí alùpùpù: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí Greeves

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí alùpùpù Greeves àtijọ́ lè rò pé mẹkáníìkì kan ló ti tò ó pọ̀ lẹ́yìn tó ní jàǹbá. Níwájú, níbi tó yẹ kí páìpù irin wà, òpó alumíníọ̀mù kan tó nípọn ló dúró síbẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ táyà iwájú, ẹ ò ní rí sípíríǹgì kankan. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Thundersley, ní Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é bẹ́ẹ̀, wọ́n sì nídìí.

Ta ni Greeves?

Bert Greeves lorúkọ rẹ̀. Ó ní ìbátan kan, Derry Preston-Cobb, tí kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé Bert ń gé koríko lọ́jọ́ kan, ó wo ẹ̀rọ tó fi ń gé e, ó wo kẹ̀kẹ́ tí ìbátan rẹ̀ jókòó sí, ló bá tú ẹ́ńjìnnì ti ọ̀hún, ó sì dè é mọ́ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, àwọn ọmọ ogun tó bọ̀ wálé láìlẹ́sẹ̀ pọ̀, ìjọba sì ń wá ohun tí wọ́n á máa gùn. Àwọn méjèèjì dá Invacar sílẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà, ìjọba ló sì ń rà á.

Kí ló wá gbé wọn dé ìdí alùpùpù?

Bert ti fẹ́ràn alùpùpù tipẹ́. Yàtọ̀ síyẹn, ọlọ́jà tó ní oníbàárà kan ṣoṣo, tí oníbàárà ọ̀hún tún wá jẹ́ ìjọba, kò lè sùn kó han-an-run. Ní 1953, wọ́n gbé alùpùpù tiwọn jáde.

Ṣé lóòótọ́ ni pé rọ́bà ló gbé táyà iwájú?

Lóòótọ́ ni. Ẹ mú rọ́bà dúdú tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù. Ẹ di orí kan mú, ẹ máa lọ́ orí kejì. Yóò máa bá yín jà, bí ẹ bá sì tú u sílẹ̀, á yí padà fíì. Ohun tí Greeves lò nìyẹn. Wọ́n lẹ rọ́bà kíki mọ́ irin nínú àti lóde. Apá irin kúkúrú tó di táyà mú so mọ́ ọn. Bí táyà bá gun òkúta, apá yẹn á gbéra sókè, rọ́bà á lọ́; bí òkúta bá ti kọjá, rọ́bà á dá a padà sáyè rẹ̀. Kò gba gíríìsì, ẹrẹ̀ kò sì rí ibi wọnú rẹ̀.

Ibo ni wọ́n ti rí ọgbọ́n yìí? Lára kẹ̀kẹ́ àkàndá ni. Wọ́n ti ń fi rọ́bà kan náà gbé ọkọ̀ Invacar kí alùpùpù tó dé rárá. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí pé ohun tí wọ́n ṣe kí ara má baà ro aláìsàn ló wá di ohun tí àwọn géńdé ń gùn fò lórí òkè.

Òpó alumíníọ̀mù yẹn náà ńkọ́? Ilé iṣẹ́ wọn ni wọ́n ti ń yọ́ ọ. Wọ́n á to páìpù irin ti ọrùn alùpùpù sáàárín, wọ́n á wá da alumíníọ̀mù gbígbóná yí i ká, méjèèjì á di ọ̀kan. Mi ò lè pè é ní arẹwà. Ṣùgbọ́n ó le.

Àwọn ló ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀?

Rárá, kì í ṣe níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń rà á lọ́wọ́ Villiers ní Wolverhampton, bí télọ̀ ṣe ń ra aṣọ lọ́wọ́ aláṣọ. Kì í ṣe àwọn nìkan: àwọn ilé iṣẹ́ alùpùpù mìíràn, James, Francis-Barnett, Cotton, DOT, ọ̀dọ̀ Villiers ni gbogbo wọn ń lọ. Ní 1956 Villiers ṣe ẹ́ńjìnnì tó mú kí iye wọn pé mílíọ̀nù méjì, wọ́n sì fi ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́rẹ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ irú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní two-stroke?

Ẹni tó bá ti po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rí fún jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí a ń pè ní “I pass my neighbour”, ti mọ ìdáhùn náà dé ìdajì. Nínú ẹ́ńjìnnì two-stroke, abẹ́ písítìnì ló ń fa epo wọlé, ibẹ̀ náà ló sì ń tì í lọ sókè. Kò sáyè láti gbé ọ́ìlì pamọ́ síbẹ̀, nítorí náà inú epo ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gbà wọlé, kó jóná pẹ̀lú rẹ̀. Ibẹ̀ ni èéfín ti ń wá. Kò ní fáàfù; ihò ara sìlíńdà ni písítìnì ń ṣí tó sì ń dé bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan ni iná ń ṣẹ́, nígbà tí four-stroke ń yí lẹ́ẹ̀méjì kó tó ṣẹ́. Ó fúyẹ́, kò wọ́n, àtúnṣe rẹ̀ kò sì ṣòro.

Ṣé irú ẹ́ńjìnnì kékeré bẹ́ẹ̀ lè na àwọn alùpùpù ńláńlá nínú eré ìje?

Nínú ẹrọ̀fọ̀, ẹrù ló ń pa ẹlẹ́rù. Ní 1957, Brian Stonebridge, tó ń bá Greeves sáré, gbé Greeves 197cc lọ sí pápá eré ìje Hawkstone Park. Ó gbégbá orókè láàárín àwọn alùpùpù 350cc, ó sì ṣe ipò kejì láàárín àwọn 500cc, tí ẹ́ńjìnnì wọn ju ìlọ́po méjì tirẹ̀ lọ. Greeves fi orúkọ pápá yẹn sọ alùpùpù tí wọ́n tà lẹ́yìn náà, Hawkstone. Ó dùn mí pé Stonebridge kò pẹ́ láyé: jàǹbá ọkọ̀ ló pa á ní oṣù kẹwàá 1959. Dave Bickers, ọmọ Suffolk, ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Ó gba ife-ẹ̀yẹ motocross (eré ìje alùpùpù lórí ilẹ̀ gbágungbàgun) Yúróòpù ti 250cc ní 1960, ó tún gbà á ní 1961.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí wọn?

Ẹni tó ń ra ẹ́ńjìnnì jẹ, ọjọ́ tí ẹlẹ́ńjìnnì bá ti ilẹ̀kùn, ìyà ń bọ̀. Bert tètè rí i, ó gbé alùpùpù Challenger jáde ní 1964 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tiwọn. Ṣùgbọ́n Husqvarna ti Sweden àti CZ ti Czechoslovakia ti ń sáré ju wọn lọ, Bickers fúnra rẹ̀ sì bọ́ sórí CZ. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Jàpáàn dé. Ní àárín àwọn ọdún 1970, Greeves ti kógbá wọlé.

Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn kò tíì lọ o. Aláwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni, àwọn àkàndá sì ń wà á káàkiri ojú títì Gẹ̀ẹ́sì títí di 31 oṣù kẹta 2003, ọjọ́ tí òfin ní kó kúrò lọ́nà.